Baba Yín Mélòó?

Ní 1987, mo ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ kan ní ìlú Ìbàdàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni a máa ń pàdé, láti aago márùn-ún sí aago méje, lórí àga tí a ṣe fún ọmọ ọdún mẹ́jọ. Awakọ̀ wà níbẹ̀, káfíńtà wà níbẹ̀, àwọn ìyá ọlọ́jà mélòó kan náà sì wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wọ̀nyí ń ta aṣọ ní Gbági. Wọ́n ti pé ẹni àádọ́ta ọdún. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 1955, ọmọ ọdún méjìdínlógún ni wọ́n, ọ̀rọ̀ ọkọ ni àwọn òbí wọn ń bá wọn sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ síléètì. Ohun tí wọ́n sọ pé ó gbé wọn wá sí kíláàsì mi kò ju ẹyọ kan lọ. Àwọn ọmọ ọmọ wọn tí ó máa ń wá láti Lọ́ńdọ̀nù kò gbọ́ Yorùbá, wọn kò sì fẹ́ kí àwọn ọmọ náà máa sọ̀rọ̀ wọn níṣojú wọn kí wọ́n má mọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ní kí olúkúlùkù sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ẹbí rẹ̀. Ó kan ìyá aláṣọ. Wọ́n dìde, wọ́n tún gèlè wọn ṣe, wọ́n ní: "My father is old. They are not going out again." Mo bi wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì pé: "How many fathers do you have?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà bá wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n sì jókòó. Wọ́n wá ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, wọn kò la ẹnu. Lẹ́yìn náà wọn kò wá mọ́.

Baba yín mélòó? Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ohun tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ jẹ́ nígbà tí a bá fi èdè wa bi í. Mo rò pé nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi bèèrè, gírámà ni mo ń kọ́ wọn.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ro gbólóhùn ìyá yẹn, mo sì ti wá rí i pé kì í ṣe pé wọn kò ní gírámà. Gírámà tí wọ́n ní ni n kò kà sí gírámà. Ẹ jẹ́ kí a dá gbólóhùn náà padà sí ilé tí ó ti wá: "Baba mi ti dàgbà. Wọn kì í jáde mọ́." Ohun mẹ́ta ni mo kà sí àṣìṣe nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́fà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó sì ní ìdí. Èkínní, ọmọ tí a kọ́ nílé kì í dìde láwùjọ kí ó pe baba rẹ̀ ní "ó". "Wọ́n" ni yóò pè é, "they" ni ó sì jọ "wọ́n" jù. Èkejì, "kì í" ń sọ fún wa pé ìṣe bárakú ni a ń sọ, ohun tí baba kì í ṣe láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìyá náà wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò dún bí ohun tí ó ti parí, "are not going" ni wọ́n sì rí. Ẹ̀kẹta, "mọ́" tí ó wà nínú "má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́" ni ó wà nínú "wọn kì í jáde mọ́". Ní Gẹ̀ẹ́sì, "again" ni ti àkọ́kọ́, "any more" ni ti èkejì. Ta ni ó sọ fún ìyá aláṣọ pé Gẹ̀ẹ́sì pín ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí sí méjì? Èmi tí ó yẹ kí n sọ ọ́ ni mo ń bi wọ́n ní iye baba tí wọ́n ní.

Àfojúdi wà nínú ohun tí mo ṣe, n kò sẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí a fi kọ́ èmi náà wà níbẹ̀. Wọ́n ti kọ́ mi pé ẹnu ọ̀nà ni kí akẹ́kọ̀ọ́ bọ́ èdè rẹ̀ sí, bí ẹni bọ́ bàtà, kí ó tó wọlé wá kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo tilẹ̀ lẹ ìwé kan mọ́ ògiri kíláàsì náà pé a kò gbọdọ̀ sọ èdè abínibí níbẹ̀. Ìgbàgbọ́ yìí ní ìtàn, ó sì yẹ kí a mọ̀ ọ́n.

Ní 1878, Maximilian Berlitz dá ilé-ẹ̀kọ́ èdè sílẹ̀ ní Providence, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìtàn tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ń sọ nípa ara rẹ̀ ni pé ó gba olùkọ́ Faransé kan tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ni àìsàn bá dá Berlitz dúbúlẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ yá tí ó padà dé, ó bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń fi Faransé bá olùkọ́ náà sọ̀rọ̀ geere. Bí èdè tí a ń kọ́ nìkan ṣe di èdè tí a fi ń kọ́ni níbẹ̀ nìyẹn, ọgbọ́n náà sì tàn ká ayé.

Ní oṣù kìn-ín-ní 1961, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì pàdé ní Makerere, ní Uganda, lórí ọ̀rọ̀ kíkọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì. Robert Phillipson, nínú ìwé rẹ̀ *Linguistic Imperialism* tí ó jáde ní 1992, ka ìgbàgbọ́ márùn-ún tí ó rí nínú èrò ìpàdé náà, ó sì ní àṣìrò ni márààrún. Ìgbàgbọ́ kìn-ín-ní ni pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí a fi kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì. Èkejì ni pé ẹni tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe èdè abínibí ni olùkọ́ tí ó dára jù. Ẹ̀kẹta ni pé bí a bá ṣe tètè bẹ̀rẹ̀ tó ni yóò dára tó, ẹ̀kẹrin ni pé bí a bá ṣe ń gbọ́ ọ pọ̀ tó ni yóò dára tó, ẹ̀karùn-ún sì ni pé bí èdè mìíràn bá ráyè, Gẹ̀ẹ́sì yóò wó lulẹ̀.

Ìjà òṣèlú ni Phillipson ń jà jù nínú ìwé yẹn, mo sì fi ìyẹn sílẹ̀ fún un. Ìjà tèmi kò tóbi tó bẹ́ẹ̀, inú kíláàsì ni ó mọ. Ẹ sáà mú ìgbàgbọ́ márùn-ún yìí kí ẹ gbé wọn sí iwájú ìyá aláṣọ. Ẹ̀kẹta sọ fún wọn pé wọ́n ti pẹ́ jù. Ẹ̀kẹrin sọ fún wọn pé wákàtí méjì ìrọ̀lẹ́ wọn kò tó nǹkan. Ìkínní àti ìkarùn-ún sọ fún wọn pé ẹnu tí wọ́n ti fi ná ọjà fún ọgbọ̀n ọdún ni ọ̀tá wọn. Ìkejì sọ fún èmi olùkọ́ wọn pé n kò dára tó, bẹ́ẹ̀ Yorùbá tí èmi pẹ̀lú wọn jọ gbọ́ ni ohun kan ṣoṣo tí mo ní tí olùkọ́ láti ìlú ọba kò ní. A ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ètò tí ó jẹ́ pé ọgbọ́n ọmọdé nìkan ni ó mọ̀ ọ́n lò kò lè dá ilé-ẹ̀kọ́ àgbà.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn ìwé rí. Èyí tí mo ń bá lọ́wọ́ àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ jù ni *Essential Grammar in Use*, tí Raymond Murphy kọ, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1990. N kò ní purọ́ mọ́ ìwé náà: ó dára. Ojú-ìwé méjì ni ó fún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, àlàyé lápá òsì, iṣẹ́ ṣíṣe lápá ọ̀tún. Gbólóhùn rẹ̀ kúrú, àwòrán rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, kò sì fi àgbà ṣe ọmọdé. Ṣùgbọ́n ìwé tí a kọ fún gbogbo ayé kò lè mọ ẹnikẹ́ni lójú. Kò lè mọ̀ pé ẹni tí ó ń sọ "mo ti jẹun" láti kékeré kò ní pẹ́ kí ó tó mọ ohun tí "I have eaten" ń wí, bẹ́ẹ̀ ni kò lè mọ̀ pé ẹni kan náà yóò máa pe ọkọ rẹ̀ ní "she" lẹ́yìn ọdún méjì. Ìdí ni pé èdè tí ẹni náà gbé wá sí kíláàsì kò sí nínú àkáǹtì ìwé náà.

Kò sì jẹ́ pé àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ kò mọ̀. Wọ́n ti tẹ irú rẹ̀ fún àwọn ará Ítálì, wọ́n ti tẹ irú rẹ̀ fún àwọn ará Sípéènì, tí a fi èdè wọn ṣàlàyé gírámà Gẹ̀ẹ́sì fún wọn. N kò tí ì rí ti Yorùbá. Èdè tí ọjà rẹ̀ tà ni a gbà láàyè láti wọ kíláàsì. Àwa tí ọjà wa kò tà ni wọ́n ń sọ fún pé èdè abínibí ń ba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́.

Kí ni Yorùbá lè ṣe fún àgbà tí ó ń kọ́ gírámà Gẹ̀ẹ́sì? Mo fẹ́ sọ mẹ́ta péré tí mo ti dán wò.

Èyí àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ. Yorùbá kì í béèrè bóyá akọ ni ẹni tí a ń sọ tàbí abo. Ọjọ́ orí àti ipò rẹ̀ ni ó ń béèrè. Gẹ̀ẹ́sì kì í béèrè ọjọ́ orí. Akọ tàbí abo ni ó ń béèrè. Bí a bá ti sọ èyí fún àgbà ní Yorùbá, ojú rẹ̀ á là. Ó ti mọ̀ pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ya aláìlẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n bá pe baba wọn ní "he". Ìbéèrè mìíràn ni èdè wọn ń dáhùn. Mo ti rí bàbá kan tí ó ní ojú ń ti òun láti pe àlùfáà òun ní "he", àfi ìgbà tí a sọ ọ̀rọ̀ yìí tán. Kò sí iye iṣẹ́ ṣíṣe apá ọ̀tún tí ó lè wo ìtìjú bẹ́ẹ̀ sàn, nítorí pé ìwé kò mọ̀ pé ó wà.

Ẹ̀gún sì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí fún èmi alára. "You" tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹnì kan lónìí, ọ̀rọ̀ ẹni púpọ̀ ni tẹ́lẹ̀. "Thou" ni ti ẹnì kan. Nígbà láéláé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ ẹni púpọ̀ pe ẹnì kan láti bọ̀wọ̀ fún un, gẹ́gẹ́ bí àwa ṣe ń lo "ẹ", títí "thou" fi kú mọ́ wọn lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ "you are" fún ẹnì kan ṣoṣo. Ó já sí pé nínú ìbéèrè tí mo fi dójú ti ìyá aláṣọ nítorí pé wọ́n fi ọ̀wọ̀ sọ ẹnì kan di púpọ̀, èmi náà ti lo "you". Gírámà tí mo fi ń bú wọn ni mo fi ń bọ̀wọ̀ fún wọn, n kò sì mọ̀.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ àsìkò. Ẹni tí ó ní "Yesterday I buy yam" mọ ohun tí àná jẹ́. Ó ti dárúkọ rẹ̀. Ní Yorùbá, "mo ra iṣu" ti kọjá, a kò sì lẹ nǹkan kan mọ́ "ra" kí ó tó kọjá. Ṣùgbọ́n "mo fẹ́ iṣu" kò tí ì kọjá, bẹ́ẹ̀ ni "mo ní owó" àti "mo mọ ilé wọn". Irú ọ̀rọ̀-ìṣe tí a lò ni ó ń ṣiṣẹ́ náà. Ohun tí èdè wa ń tọ́jú jù ni bí ìṣe náà ṣe ń lọ, bóyá ó ti parí, bóyá ó ń lọ lọ́wọ́, bóyá ó ti di bárakú. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó wọlé tí ó ní "I go" ni ọ̀rọ̀ ìsinsìnyí ti da ọ̀rọ̀ rú, nítorí pé létí Yorùbá, ẹni tí ó bá "lọ" ti lọ. Ìlà mẹ́rin lójú pátákó ni ó tó: "I go" ni "mo máa ń lọ", "I am going" ni "mo ń lọ", "I went" ni "mo lọ", "I have gone" ni "mo ti lọ". Lẹ́yìn èyí, kí olùkọ́ kìlọ̀ nípa ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pínyà. A lè sọ pé "mo ti rí wọn lánàá", ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí "have" àti "yesterday" jókòó pọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni mo kà sí pàtàkì jù, bẹ́ẹ̀ òun ni ìwé gírámà kì í sábà rántí. Bí a bá bi ọmọ Yorùbá pé, "O kò mú owó náà?" tí kò sì mú un, yóò dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ohun tí ó ń wí ni pé bí o ti wí i ni ó rí, n kò mú un. Bí a bá bi í ní Gẹ̀ẹ́sì pé, "You didn't take the money?" tí ó sì ní "Yes", olùgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè gbọ́ pé ó jẹ́wọ́. Gbólóhùn tí a bi ni Yorùbá ń dá lóhùn, bóyá òtítọ́ ni tàbí irọ́; ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ń dá lóhùn. Ẹ fojú inú wo ẹni tí ó dúró níwájú ọlọ́pàá, tàbí níwájú adájọ́, tàbí níwájú òṣìṣẹ́ tí ó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò ní pápákọ̀ òfurufú ìlú òkèèrè. Àgbà ni ó máa ń dúró síbẹ̀, kì í ṣe ọmọdé. Ẹni tí ó bá kọ́ ọ ní "the" àti "a" fún oṣù mẹ́ta láìsọ ti "bẹ́ẹ̀ ni" fún un ti gba owó rẹ̀ lásán.

Mo mọ ohun tí a lè fi ta kò mí. A lè ní kíláàsì kò ní jẹ́ ti Yorùbá nìkan, pé ọmọ Ìgbò àti Haúsá lè wà níbẹ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò ṣòro kí olùkọ́ béèrè lọ́wọ́ olúkúlùkù pé, "Báwo ni ẹ ṣe ń sọ ọ́ nílé?" Ìbéèrè náà gan-an ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ilé rẹ̀ kì í ṣe aginjù. A sì lè ní bí a bá gba Yorùbá láàyè, òun ni yóò gba gbogbo àyè. Èyí náà kì í ṣe irọ́; mo ti jókòó nínú kíláàsì tí olùkọ́ ti fi Yorùbá ṣe wákàtí méjì tí akẹ́kọ̀ọ́ kò sọ ju gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta lọ. Àlàyé kò lè rọ́pò àṣelò. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni kí Yorùbá gbà, kí Gẹ̀ẹ́sì gba ìyókù. Àtakò tí ó nira jù ni ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn, àwọn tí wọ́n sọ fún mi pé àwọn kò sanwó wá gbọ́ Yorùbá. N kò bá wọn jà. A ti sọ fún wọn pẹ́ pé èdè wọn kò ní gírámà, wọ́n sì gbà á gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ gírámà èdè wa di ìwé títẹ̀ láàárín àwa fúnra wa, ẹni tí ó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ìgbà tí Yorùbá ti jinlẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ ni. Wọ́n kó Samuel Ajayi Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, wọ́n tú u sílẹ̀ ní 1822, ní Freetown ni ó sì ti kọ́ ìwé. Kì í ṣe ọmọ ọwọ́ mọ́ nígbà náà. Ní 1843 ni a tẹ ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá, tí àlàyé gírámà wà níwájú rẹ̀, ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò gbé ọ̀kan sọnù kí ó tó gba èkejì. Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá jọ wà nínú ìwé náà. Nígbà tí ó di 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ náà kò tìtorí rẹ̀ rẹ̀yìn. Bí Yorùbá ọmọ ọdún mẹ́fà bá lè gbé e débẹ̀, kí ni Yorùbá ẹni àádọ́ta ọdún kò lè gbé?

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìyá aláṣọ kó ẹ̀ṣọ́ tiwọn jáde nílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà: ọ̀wọ̀ tí wọ́n ní fún baba wọn, àti òye pé ìṣe ojoojúmọ́ yàtọ̀ sí ohun tí ń lọ lọ́wọ́. Bí mo bá mọ ohun tí mo mọ̀ báyìí, ǹ bá ti sọ fún wọn ní Yorùbá pé, "Ẹ káre, Ìyá, mo gbọ́ pé baba ni ẹ ń bọ̀wọ̀ fún. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kì í fi 'they' ṣe é; 'he' ni wọ́n ń wí, kì í sì í ṣe ìwọ̀sí." Lẹ́yìn náà à bá jọ sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí yóò fi yọ̀ lẹ́nu wọn: "He does not go out any more." Ọ̀rọ̀ náà kì bá tí gbà wá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.